Ẹ Dá Ẹni Tó Mú Barbeiro Wá Lóhùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Iṣẹ́ Ìlera Orílẹ̀-èdè Brazil

Sí ẹ̀yin àgbà tó wà nídìí ìṣọ́ àrùn ní Ilé Iṣẹ́ Ìlera, Brasília,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọmọ Yorùbá ni mí, ará Ìbàdàn. Kòkòrò tó ń gbé àrùn kiri ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì gbé mi dé ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil. Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, mo sì kọ ọ́ ní èdè mi, torí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi tó wà ní Èkó, ní Salvador àti ní Houston bá yín kà á. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ará ilé kan bá rí barbeiro, kòkòrò amùjẹ̀ tó ń gbé àrùn Chagas kiri, nínú yàrá rẹ̀, tó mú un, tó sì gbé e dé ibi tí ìjọba ní kó gbé e wá, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹni tó ń ṣètò ìlera fún orílẹ̀-èdè tó tóbi tó Brazil. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣọ́ àrùn Chagas dúró lé lọ́dọ̀ yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe kòkòrò náà fún àwọn ará ilé tí kò rí i rí. Barbeiro tóbi ju ìdun lọ dáadáa. Èyí tó bá ti dàgbà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó ní ìyẹ́, orí rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àmì pupa tàbí àwọ̀ ọsàn yí etí ikùn ká. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, akọ àti abo, láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin títí tó fi kú. Lójú ọ̀sán, ó máa ń sá sínú ògiri tó ti sán, sẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́, sábẹ́ ibùsùn, sáàárín igi ìdáná tí wọ́n tò jọ, sínú ilé adìyẹ. Òru ló ń jáde. Ojú ló sábà máa ń lọ, torí aṣọ kì í bo ojú ẹni tó ń sùn, oró rẹ̀ kì í sì í tó ohun tó ń jí ènìyàn. Bó ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ yó ló ń yàgbẹ́ sára ẹni náà. Inú ìgbẹ́ yẹn ni Trypanosoma cruzi, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn, wà. Ẹni tó ń sùn á họra, á fọwọ́ nu ojú, ìgbẹ́ á sì gba ojú ibi tó họ tàbí ẹyinjú wọlé.

Àwa ní Nàìjíríà mọ eṣinṣin tsetse àti àrùn oorun rẹ̀. Ẹbí kan náà ni kòkòrò àìfojúrí méjèèjì: Trypanosoma brucei ni tiwa, T. cruzi ni ti Amẹ́ríkà. Itọ́ ni tsetse fi ń gbé tirẹ̀ wọ inú ènìyàn níbi tó bá ti bù ú jẹ. Ọ̀nà yẹn yára. Ọ̀nà ìgbẹ́ tí barbeiro ń gbà kò yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni barbeiro á mu ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kí àrùn tó wọlé. Ìdí nìyí tí ewu rẹ̀ fi pọ̀ jù nínú ilé tí kòkòrò náà ti sọ di ibùgbé, tó ti yé ẹyin sí, tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹun lórí ibùsùn kan náà lálaalẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ìdí kan náà ló sì jẹ́ pé bí a bá tètè lé e kúrò nínú ilé, a lè gba àwọn ọmọ inú ilé náà là.

Ìyókù àrùn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ibà lè ṣe ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìpéǹpéjú kan lè wú, lẹ́yìn èyí ara á yá. Ọdún mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n lè kọjá kó má mọ nǹkan kan. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní i, nǹkan bíi mẹ́ta ni ọkàn wọn á bàjẹ́ nígbẹ̀yìn: á tóbi sí i, lílù rẹ̀ á dàrú, ó sì lè dáwọ́ dúró lójijì. Ti àwọn mìíràn, ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun ńlá ni á fẹ̀, tí oúnjẹ kò ní fẹ́ lọ, tí ìgbẹ́ kò ní fẹ́ jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 7 ló ní àrùn yìí, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni kò sì mọ̀. Oògùn benznidazole àti nifurtimox wà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá tètè lò wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni agbára wọn ń dínkù. Nígbà tí ìkìlọ̀ ṣì wúlò, ara kì í kìlọ̀ fún ẹni tó ní Chagas. Kòkòrò ló ń kìlọ̀.

Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn yìí, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, síbẹ̀ mo fẹ́ rán yín létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1907, wọ́n rán ọ̀dọ́ dókítà kan, Carlos Chagas, lọ sí àríwá Minas Gerais láti gbógun ti ibà tó ń pa àwọn tó ń la ojú irin rélùwéè. Àrùn mìíràn kò sí lára ohun tí wọ́n rán an. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ojú irin náà, Cantarino Motta, ló pe àkíyèsí rẹ̀ sí kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn lóru nínú ilé wọn. Chagas gbà á gbọ́. Ó tú inú kòkòrò náà wò, ó rí ohun alààyè kan nínú ìfun rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà ránṣẹ́ sí Oswaldo Cruz, ọ̀gá rẹ̀, ní Manguinhos, Rio de Janeiro. Kò tíì rí aláìsàn kankan nígbà náà. Nígbà tó yá ló rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò kan ní Lassance. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1909, ó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ Berenice, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí àrùn Chagas báyìí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ẹnì kan tí kì í ṣe dókítà ní kòkòrò kan wà nínú ilé, ẹni tó gbọ́ kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa àrùn yìí lónìí, inú ìdáhùn yẹn ló ti jáde.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìjọba tó gbé ìgbésẹ̀ ńlá. Ní Bambuí, níbi tí ilé ìwádìí Oswaldo Cruz dá ibùdó kan sílẹ̀ sí ní 1943, Emmanuel Dias fi hàn pé bí a bá fín oògùn apakòkòrò sí ògiri ilé, barbeiro á kúrò níbẹ̀. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ 12 ni wọ́n ti bá Triatoma infestans, èyí tó burú jùlọ nínú àwọn barbeiro, ní ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 700. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ìgbèríko láti 1975 sí 1980 fi hàn pé nínú èèyàn 100, ó lé ní mẹ́rin tó ní àrùn náà lára. Àwọn òṣìṣẹ́ SUCAM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn nígbà náà, rìn láti ilé dé ilé, wọ́n gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ògiri alámọ̀, wọ́n gbé ibùsùn kúrò, wọ́n tú ilé adìyẹ. Mo ti bá àwọn àgbàlagbà pàdé ní sertão, ìgbèríko gbígbẹ àríwá ìlà oòrùn Brazil, tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ SUCAM. Ní 1991, Brazil àti àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù tó yí i ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Uruguay kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ní 1997, Chile tẹ̀ lé e ní 1999, ó sì kan yín ní 2006.

Iṣẹ́ ńlá ni. Mo kí yín fún un tọkàntọkàn, torí mo mọ iye ọmọ tí kò ní àrùn ọkàn lónìí nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kòkòrò kan ṣoṣo ni ìwé ẹ̀rí yẹn dárúkọ. Ohun tó sọ ni pé Triatoma infestans kò ran àrùn náà mọ́. Ẹ̀yà barbeiro tó wà láyé lé ní 150, èyí tó wà ní Brazil nìkan sì lé ní 60. Inú ilé ènìyàn ni T. infestans ń gbé lọ́dọ̀ yín, kò ní igbó tó lè sá padà sí, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé lé. Síbẹ̀, òun gan-an ṣì fi ibùba díẹ̀ sílẹ̀ ní Bahia àti ní Rio Grande do Sul. Àwọn tó kù, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Triatoma brasiliensis ń gbé láàárín àpáta caatinga, igbó gbígbẹ ẹlẹ́gùn-ún ti sertão, pẹ̀lú àwọn eku orí àpáta. Triatoma pseudomaculata ń gbé lábẹ́ èèpo igi. Panstrongylus megistus fẹ́ràn igbó ọ̀rinrin àti ihò gambá, ẹranko igbó kékeré kan. Triatoma sordida kì í jìnnà sí ilé adìyẹ. Kò sí ìjọba tó lè fín oògùn sí gbogbo caatinga. Iná tí a tàn lálẹ́ ń fà wọ́n, ebi ń lé wọn, wọ́n á fò wá, wọ́n á kọ́kọ́ wọ ilé adìyẹ, láti ibẹ̀ wọ́n á wọ yàrá. Adìyẹ kì í ní àrùn Chagas, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ kòkòrò náà yó, kòkòrò á sì máa bí sí i. Àwọn bàbá wa ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Iná yìí kò ní tán láṣọ, ẹ̀yin àgbà. Ìṣọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tán.

Ìlú ńlá kò bọ́ níbẹ̀. Ní Salvador fúnra rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ pé P. megistus àti Triatoma tibiamaculata ń wọ ilé àti fúláàtì tó wà létí igbó tó ṣẹ́ kù láàárín ìlú. Mo sọ èyí fún àwọn ará mi pàápàá, torí ìlú tí orúkọ òrìṣà wa kò kú lẹ́nu ènìyàn ni Salvador, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń lọ síbẹ̀, tí a rò pé ọ̀rọ̀ ará oko ni barbeiro.

Báyìí ni mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí barbeiro ti dínkù, ẹ̀yin fúnra yín yí ètò padà. Wíwá inú ilé kọ̀ọ̀kan kò bójú mu mọ́, torí níbi tí kòkòrò kò ti pọ̀, òṣìṣẹ́ tó ya ilé kan wò fún wákàtí kan lè má rí nǹkan kan. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́ ló ń rí i. Bambuí ló kọ́kọ́ fi èyí hàn, níbi tí João Carlos Pinto Dias, ọmọ Emmanuel Dias, àti àwọn ará ìlú ti jọ ń ṣọ́ ilé láti àwọn ọdún 1970. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹ wá dá àwọn PIT sílẹ̀, ibi tí ará ìlú lè mú kòkòrò lọ: ilé ìwòsàn kékeré, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù, nígbà mìíràn ilé ẹnì kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ìyá kan rí kòkòrò lára ògiri. Kò fi ọwọ́ lásán mú un. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó mú un, ó sọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ náà, àti yàrá tó ti rí i. Òṣìṣẹ́ gbé ike náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n wo irú ẹ̀yà tó jẹ́, wọ́n tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n po ìgbẹ́ díẹ̀ mọ́ omi iyọ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ máíkíróskópù, wọ́n wò ó bóyá T. cruzi ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ìyá náà. Wọn kò wá àgbà kòkòrò nìkan. Wọ́n wá ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ìyẹ́, awọ tó bọ́ sílẹ̀, ẹyin, àti ilà ìgbẹ́ lára ògiri. Àgbà kan ṣoṣo lè jẹ́ àlejò tó fò wọlé nítorí iná. Ọmọ kòkòrò kò lè fò. Bí ẹ bá rí i, ẹ mọ̀ pé ìdílé kan ti wà nínú ògiri yẹn. Ilé yẹn ni wọ́n á fín, wọ́n á sì tún padà wá, torí oògùn kì í sábà pa ẹyin. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Gbogbo èyí dára. Ibi tó ti ń já ni àárín ike àti ẹnu ọ̀nà.

Mo pàdé obìnrin kan ní ìlú kékeré kan ní sertão, ẹni tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ó ti mú barbeiro lọ fún ìjọba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, kò sí ẹni tó wá, kò sí ẹni tó pè é lórí fóònù láti sọ fún un bóyá èyí tó mú wá ní àrùn tàbí kò ní. Nígbà tó rí òmíràn, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó sì gbá a dànù. Ó bi mí pé, "Kí ni mo tún fẹ́ gbé e lọ fún?" N kò ní èsì. Nígbà tí a tú ilé adìyẹ rẹ̀, a bá ọmọ kòkòrò níbẹ̀, kékeré àti ńlá, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ní yàrá tó fẹ̀yìn ti ògiri kan náà.

N kò dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà lẹ́bi. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2000, òṣìṣẹ́ kan náà ló ń lé ẹ̀fọn dengue, Zika àti chikungunya, tó tún ń ka ajá fún abẹ́rẹ́ digbolugi, tí wọ́n tún retí pé kó wá barbeiro. Dengue ń kún ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn á gbé e. Chagas ń pa ènìyàn lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ìwé ẹ̀rí ikú á sì ní "ọkàn" ló pa á. Ó rọrùn láti mọ èyí tí olórí ìlú á kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá dẹ́kun mímú kòkòrò wá, ìwé àkọsílẹ̀ á ṣófo. Wọ́n á fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olú ìlú ìpínlẹ̀, láti ibẹ̀ dé Brasília, ẹ̀yin á sì rí òfo, ẹ ó rò pé àlàáfíà ni. Òfo inú ìwé kì í ṣe òfo inú ògiri. Bí owó ṣe ń kúrò níbi tí ìwé ti ṣófo, ìdáhùn á tún lọ́ra sí i, ìwé á tún ṣófo sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa rí nílé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri orílẹ̀-èdè, iye wọn lé ní 600,000. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, kò nílò kí n ṣàlàyé sòbìà fún un. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Aṣọ asẹ́ omi, omi tó mọ́, oògùn tí a ń dà sínú odò, àti ènìyàn kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún ìjọba bí ó bá rí i: àwọn wọ̀nyí ló lé e lọ. Nígbà tí sòbìà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ń fi owó dá ẹni tó bá mú ìròyìn wá lọ́lá, ìlànà sì ni pé bí wọ́n bá gbọ́ àhesọ pé ẹnì kan ní i, kí òṣìṣẹ́ dé ibẹ̀ láàárín wákàtí 24. Àhesọ lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ṣì ń lọ. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Orílẹ̀-èdè tí kò ní owó tó Brazil ló ṣe èyí.

Ti àrùn oorun kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tó korò ni. Ní àwọn ọdún 1960, iye tí wọ́n ń rí lọ́dún ní gbogbo Áfíríkà kò tó 5,000. Ìjọba gbà pé ó ti tán. Wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ká, ogun sì ba ìyókù jẹ́ ní àwọn ibòmíràn. Ní 1998, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000, èyí tí wọn kò rí sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ó tó ogún ọdún iṣẹ́ kí iye náà tó wá sí ìsàlẹ̀ 1,000. Ẹbí kan náà ni kòkòrò yẹn àti tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ó kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa.

Ó sì yẹ kí n fi kún un pé ògiri nìkan kọ́ ni barbeiro ń gbà wọlé mọ́. Ní 2005, àwọn tó mu omi ìrèké létí ọ̀nà ní Santa Catarina kó àrùn náà, àwọn kan kú. Ní 2019, ó mú àwọn tó péjọ fún ìsìn ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ní Ibimirim, ní Pernambuco. Ní Pará, açaí, èso ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń lọ̀ mu, tí kòkòrò bọ́ sí, tí wọ́n lọ̀ mọ́ èso, ló ń fà á lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí òfin ìpínlẹ̀ náà fi ní kí wọ́n ri èso náà bọ omi gbígbóná ìwọ̀n 80 Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Àrùn tó gba ẹnu wọlé yìí máa ń le ju ti ògiri lọ. Ẹni tó mọ irú barbeiro tó wà ní àdúgbò rẹ̀, àti àkókò tó ń fò, ló lè sọ fún aláçaí àti onírèké ohun tí wọ́n máa ṣọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi òǹtẹ̀ ọjọ́ sí ìdáhùn: lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ike, kí iṣẹ́ WhatsApp kan dé fóònù ẹni tó mú un wá pé a ti rí i, a dúpẹ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì má kọjá kí ẹnì kan tó dé ilé. Níbi tí barbeiro pọ̀ sí, kí òṣìṣẹ́ kan ó kéré tán jẹ́ ti barbeiro, kí wọ́n má fà á lọ síbi dengue. Ẹ̀yin lẹ ń ra oògùn apakòkòrò fún àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́nà. Láti 2020 lẹ ti ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tó ní Chagas tó ti pẹ́ lára sílẹ̀, mo sì yìn yín fún un. Ẹ wá so ìwé yẹn pọ̀ mọ́ ìwé kòkòrò, kí ilé tí a ti bá ọmọ barbeiro tó ní T. cruzi lè jẹ́ ilé tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí ẹni tó bá ní i sì ti gba benznidazole.

Ẹ tún fi PIT sí ibi tí àwọn ènìyàn fọkàn tán. Ní Salvador àti Recôncavo, agbègbè tó yí i ká, ilé àṣẹ, ìyẹn ilé ìsìn òrìṣà, jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìyálórìṣà tó ń gbọ́ ìṣòro àdúgbò látàárọ̀ dalẹ́ lè gba ike kan lọ́wọ́ ènìyàn, bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ lọ bá a, tí ẹ sì kọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi barbeiro ṣe àwáwí láti gé igbó tó ṣẹ́ kù ní ìlú náà, pàápàá igbó àwọn ilé àṣẹ. Igbó tí a gé ń lé kòkòrò sínú ilé ni.

Ọ̀rọ̀ ògiri ńkọ́? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́, barbeiro náà kò lè wọ̀ ọ́. Ètò tí ìjọba fi ń tún ilé alámọ̀ ṣe ní ìgbèríko wúlò ju oògùn lọ níbi tó bá dé. Ẹ jẹ́ kó dé ibi púpọ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston àti Dallas, gbólóhùn kan fún yín: barbeiro wà ní Texas. Láti 2013 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti ní kí wọ́n máa fi ẹni tó bá ní Chagas tó ìjọba létí, yunifásítì Texas A&M sì ń gba kòkòrò lọ́wọ́ ará ìlú. Bí ẹ bá rí i lára ajá yín tàbí lójú fèrèsé, ẹ má fi ọwọ́ lásán pa á.

Ẹ̀yin àgbà Brasília, ètò Brasil Saudável tí ẹ gbé kalẹ̀ ní 2024 ní kí Chagas dẹ́kun jíjẹ́ ìṣòro ìlú kó tó di 2030. Ọdún díẹ̀ ló kù. Lọ́dọọdún, ẹ máa ń kéde iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa kéde ìṣirò mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: barbeiro mélòó ni ará ìlú mú wá, ilé mélòó ni ẹnì kan dé, ọjọ́ mélòó ló sì gbà kó tó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bahia. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ṣetán láti bá yín kà á.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò ní Bahia